Ohun Tí Narayana Guru Gbé Sínú Tẹ́ńpìlì

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ère kì í di òrìṣà lọ́jọ́ tí ẹni tó gbẹ́ ẹ bá parí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti dé tẹ́ńpìlì, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á dáná ètùtù, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ Sanskrit lé e lórí, wọ́n á pe èémí sínú rẹ̀, kí wọ́n tó wá gbé e jókòó sí àyè tí kò ní kúrò mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ọba ni wọ́n á ṣe máa tọ́jú rẹ̀: wọ́n á jí i láàárọ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọṣọ fún un, wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ní Kerala, létíkun gúúsù ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, àwọn àwòrò àgbà tí wọ́n ń pè ní tantri ló ni iṣẹ́ ìgbékalẹ̀ yìí. Ìdílé Brahmin, ìran àwọn àwòrò, tí wọ́n ń jẹ́ Nambudiri ni wọ́n ti ń wá, ọmọ a sì máa jogún rẹ̀ lọ́wọ́ baba. Ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Àìmọye ènìyàn wà tí ìbí wọn kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n wọ ọgbà tẹ́ńpìlì, ká má tíì sọ pé kí wọ́n fọwọ́ kan òrìṣà.

Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Aruvippuram lọ́dún 1888 fi di ìtàn. Abúlé etí odò Neyyar ni Aruvippuram. Ní òru Shivaratri, ìyẹn òru ọdún òrìṣà Shiva, ọkùnrin kan tó ti ń gbé nínú ihò àpáta níbẹ̀ wọ inú odò, ó mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú òkúta kan tó rí bíi lingam, àmì Shiva. Àwọn tí ìtàn náà ti ẹnu wọn jáde ní ó gbé òkúta náà mọ́ àyà, ó dúró pẹ́ gan-an, omijé ń dà lójú rẹ̀, kó tó gbé e kalẹ̀ lórí àpáta. Kò ranṣẹ́ pe tantri kankan. Àwọn Brahmin gbọ́, wọ́n fárígá, wọ́n bi í léèrè pé ta ló fún un láṣẹ. Èsì rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: ó ní Shiva ti àwọn Ezhava, ìran tirẹ̀, ni òun gbé kalẹ̀.

Ẹ wo bí èsì yìí ṣe mú ṣáṣá. Kò bá wọn jiyàn lórí òfin, kò pe àwọn ìwé mímọ́ wọn ní irọ́, kò sì bu ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi Shiva tiwọn sílẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá ní kò lẹ́tọ̀ọ́, wọ́n ti gbà pé Shiva pín sí ọ̀nà méjì. Bí wọ́n bá sì ní Shiva kan ṣoṣo ló wà, kí ló wá dé tí àwọn Ezhava kò fi gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn?

Narayana Guru ni ọkùnrin náà. Nanu ni wọ́n ń pè é ní kékeré. Chempazhanthy, nítòsí ìlú Thiruvananthapuram, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1856, nígbà tí ọba Travancore ṣì ń ṣàkóso àgbègbè náà. Àgbẹ̀ ni Madan Asan bàbá rẹ̀, ó sì tún máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò níwèé. Ezhava ni wọ́n. Láàárín àwọn Ezhava, a máa rí ahunṣọ, a máa rí àgbẹ̀, a sì máa rí oníṣègùn tó gbọ́ Sanskrit dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n ni ẹmu dídá. Wọn a gun igi àgbọn láàárọ̀, wọn a tún gùn ún nírọ̀lẹ́, wọn a sì gbé ẹmu rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Lójú àwọn tó wà lókè, aláìmọ́ ni wọ́n. Àìmọ́ tí à ń wí yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwẹ̀ tàbí ọṣẹ; inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní ó wà. Ètò ipò ìbí ní Kerala le débi pé wọ́n fi ìwọ̀n jíjìnnà sí i: Ezhava tó bá sún mọ́ Nambudiri kọjá ìwọ̀n kan ti bà á jẹ́ nìyẹn, Nambudiri á sì lọ wẹ̀. Àwọn Pulaya, tí wọ́n ń ṣe ẹrú lóko ìrẹsì àwọn ọlọ́rọ̀, ní láti dúró jìnnà ju ti Ezhava lọ. Àwọn Ezhava tí wọ́n ń kígbe ìyà náà kì í fẹ́ kí Pulaya sún mọ́ àwọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà le nìyẹn. Swami Vivekananda, olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù tó la àgbègbè náà kọjá lọ́dún 1892, kò fi bò rárá: ilé wèrè ló fi ibẹ̀ wé.

Ìwé kíkà kò yọ ènìyàn nínú rẹ̀. Dókítà Padmanabhan Palpu, tí òun náà jẹ́ Ezhava, kàwé ìṣègùn yege ní Madras, ṣùgbọ́n ìjọba Travancore kọ̀ láti gbà á síṣẹ́. Ìjọba Mysore ló lọ bá ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1896, ó gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kan lọ síwájú ìjọba ọba Travancore, ènìyàn 13,176 ló fọwọ́ sí i, pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ Ezhava wọ ilé ìwé ìjọba, kí wọ́n sì rí iṣẹ́ ṣe. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde kò tó nǹkan. Palpu wá rí i pé ìwé ẹ̀bẹ̀ nìkan kò lè gbé àwọn ènìyàn òun dìde. Ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún nítorí Ọlọ́run nìkan ni wọ́n á tẹ̀ lé. Ẹni náà sì ti wà ní Aruvippuram.

Báwo ni ọmọ Ezhava ṣe di irú ẹni bẹ́ẹ̀? Nanu kọ́ Sanskrit lọ́dọ̀ Raman Pillai Asan, olùkọ́ kan tó gbajúmọ̀ lápá Karunagappalli, ó padà wálé, òun náà di olùkọ́, wọ́n ń pè é ní Nanu Asan. Wọ́n fẹ́ ìyàwó fún un, ṣùgbọ́n kò dúró nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, ó ń sùn níbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí, ó ń jẹun lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá fún un, ìbáà ṣe apẹja, ìbáà ṣe Mùsùlùmí. Ó bá Chattampi Swami ṣọ̀rẹ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ Nair ni ìyẹn, ìran tí wọ́n kà sí àgbà fún Ezhava; àwọn méjèèjì jọ kọ́ yoga lọ́dọ̀ Thycaud Ayyavu. Lẹ́yìn náà ló gun òkè Maruthwamala lọ, níhà gúúsù pátápátá, ó wọ inú ihò àpáta, ó sì ń ṣe àṣàrò níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà kì í ṣe tuntun. Advaita ni, ẹ̀kọ́ pé ohun kan ṣoṣo ló wà, pé ẹ̀mí inú ènìyàn àti Ọlọ́run kò pín sí méjì. Shankara, tó jẹ́ àgbà nínú àwọn tó fi ìdí ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀, ọmọ Kerala ni, Kaladi létí odò Periyar ni wọ́n ní wọ́n bí i sí, Nambudiri sì ni. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń ka Advaita sókè, tí wọ́n sì ń lé Pulaya kúrò lọ́nà, tí méjèèjì kò sì ta kora lójú wọn. Narayana Guru mú ẹ̀kọ́ náà ní ohun tó wí gan-an. Bí gbogbo wa bá jẹ́ ọ̀kan, ta ni yóò ba ta jẹ́? Ó kọ ọ́ ní ewì lédè Malayalam, Sanskrit àti Tamil. Ó kọ Atmopadesa Satakam, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ lórí ìmọ̀ ara ẹni, ó sì kọ Daiva Dasakam, àdúrà ẹlẹ́sẹ mẹ́wàá tí àwọn ọmọdé ń kọ ní Kerala títí dòní. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ewì rẹ̀ ni gbólóhùn tí gbogbo Kerala mọ̀ mọ́ ọn lórí ti jáde, pé ìran kan, ẹ̀sìn kan, Ọlọ́run kan ló wà fún ọmọ ènìyàn.

Síbẹ̀, ewì nìkan kọ́ ló yí Kerala padà. Iṣẹ́ tẹ́ńpìlì ni.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Àwọn ará ìlú kan á ránṣẹ́ sí Guru pé àwọn fẹ́ tẹ́ńpìlì. Wọ́n á dá owó, wọ́n á yan ìgbìmọ̀, wọ́n á wá ilẹ̀. Guru á wá gbé òrìṣà kalẹ̀ fún wọn. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó tẹ́ńpìlì Aruvippuram ló gbòòrò di ẹgbẹ́ Sree Narayana Dharma Paripalana Yogam, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SNDP, ní ọjọ́ 15 oṣù Kárùn-ún ọdún 1903. Guru ni ààrẹ, akéwì Kumaran Asan ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni akọ̀wé, Palpu sì wà nídìí ètò. Ní Thalassery, ní Kozhikode, àní dé Mangalore tó ti bọ́ sí òde Kerala, tẹ́ńpìlì ń dìde. Owó tó bá wọlé níbẹ̀, Guru a ní kí wọ́n fi kọ́ ilé ìwé, kí wọ́n fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí SNDP ṣe ìpàdé ọdọọdún rẹ̀ ní Kollam lọ́dún 1905, wọ́n ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ àti ohun ọ̀gbìn pọ̀ mọ́ ọn.

Bí ó ṣe ń gbé òrìṣà kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé òmíràn kúrò. Ọ̀pọ̀ Ezhava ló ń bọ àwọn ẹ̀mí líle bíi Madan àti Chathan, tí wọ́n ń fi ẹran àti ẹmu bọ. Guru kó ojúbọ wọn kúrò, ó fi Shiva tàbí Subrahmanya rọ́pò wọn, ó sì fòpin sí ẹran pípa níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí àwọn kan fi kàn án lórí èyí ni pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ àwọn ènìyàn rẹ̀ di ẹ̀dà Brahmin. Ẹ̀sùn náà kò ṣeé jù nù bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bóyá ẹni tí gbèsè ayẹyẹ kò kàn rí ló lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe ojúbọ nìkan ni Guru fọwọ́ kàn: gbèsè ni àwọn àṣà kan fi ń gún àwọn Ezhava lẹ́sẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó àfarawé fún àwọn ọmọbìnrin kékeré, wọ́n ń ṣe àríyá nígbà tí ọmọbìnrin bá bàlágà, wọ́n tún ń ṣe òmíràn fún aboyún, ilé àti oko sì ń bá a lọ. Guru fagi lé gbogbo rẹ̀. Ó ní kí ìgbéyàwó má ju ènìyàn mẹ́wàá lọ: ọkọ, ìyàwó, àwọn òbí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan fún tọkọtaya, àwòrò kan àti àgbà àdúgbò kan. Ẹni tó bá ti rí ayẹyẹ ìgbéyàwó ní Kerala lóde òní yóò mọ̀ pé wọn kò gbọ́ tirẹ̀ lórí ìyẹn.

Lórí ẹmu, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kéde pé májèlé ni ọtí, pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má bu ú fún ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá tó àwọn ènìyàn tirẹ̀ gan-an. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ló fọwọ́ bà, kò sì dẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1912, nǹkan ti ń yí padà nínú ohun tó ń gbé kalẹ̀. Ní Sivagiri, òkè kan ní Varkala tó fi ṣe ibùjókòó rẹ̀, ó gbé Sarada kalẹ̀, òrìṣà ìmọ̀ àti ìwé. Igun mẹ́jọ ni ilé náà ní, fèrèsé yí i ká, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ibi gbogbo, bẹ́ẹ̀ òkùnkùn ni wọ́n máa ń fi inú tẹ́ńpìlì Kerala sí, tí fìtílà nìkan ń tàn nínú rẹ̀. Wọn kì í wẹ Sarada yìí, wọn kì í sì í gbé oúnjẹ fún un. Ènìyàn kàn máa wọlé, á gbàdúrà, á jáde. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ló dá Advaita Ashram sílẹ̀ ní Aluva, létí odò Periyar, kò sì fi ère kankan síbẹ̀. Nígbà tó di 1917, ó là á mọ́lẹ̀ pé tẹ́ńpìlì ti tó gẹ́ẹ́. Pé ilé ìwé ni kí àwọn ènìyàn máa kọ́ báyìí, kí wọ́n kà á sí tẹ́ńpìlì wọn.

Ìyẹn kò ní kí wọ́n má bẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá sì bẹ̀ ẹ́, ohun tó ń gbé kalẹ̀ ń ya àwọn àgbà lẹ́nu. Ní Karamukku, lápá Thrissur, fìtílà ló gbé sí àyè òrìṣà. Ní Murukkumpuzha, pátákó ló gbé síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: òtítọ́, ìwà títọ́, àánú, àlàáfíà. Lọ́dún 1927, ó dé Kalavancode, nítòsí Cherthala. Àwọn àgbà ibẹ̀ ti ṣètò ère sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ ère kankan, ọ̀rọ̀ sì fẹ́ di ìjà. Guru ní kí wọ́n wá dígí wá. Wọ́n fi ohun mímú ha ẹ̀yìn dígí náà títí tí ó fi kọ Om Shanti, wọ́n sì gbé e sí ibi tí ère ìbá wà. Ẹni tó bá wá bọ òrìṣà níbẹ̀, ojú ara rẹ̀ ni yóò bá pàdé, ọ̀rọ̀ àlàáfíà á sì wà láàárín ojú náà.

Ká sòótọ́, kì í ṣe gbogbo ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló bá a dé ibẹ̀. Lọ́dún 1916 gan-an ló ti kéde pé òun kò sí nínú ìran kankan, ó sì kọ̀wé sí Palpu pé òun ti jìnnà sí SNDP nítorí ìgbéraga ìran tó ń gbilẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Tẹ́ńpìlì tí wọ́n fi gba ara wọn lọ́wọ́ Nambudiri ni àwọn Ezhava kan ti Pulaya mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀nà tó le jù ni Ayyappan, ọ̀dọ́ olùkọ́ kan ní Cherai. Lọ́dún 1917 ó pe Ezhava àti Pulaya jókòó, wọ́n jọ jẹun pọ̀. Ìlú gbóná. Wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Pulayan Ayyappan, orúkọ tí wọ́n rò pé yóò tì í lójú, òun sì fi ṣe ẹ̀yẹ. Àwọn kan sáré lọ sọ fún Guru, bóyá yóò bá a wí. Guru fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé kò sóhun tó burú nínú kí àwọn ènìyàn jọ jẹun, kí wọ́n sì fẹ́ ara wọn, ohunkóhun tí ẹ̀sìn, aṣọ tàbí èdè wọn ìbáà jẹ́. Ayyappan wá gba ibòmíràn yọ sí i nígbà tó yí gbólóhùn Guru padà pé kò sí ìran, kò sí ẹ̀sìn, kò sí Ọlọ́run fún ọmọ ènìyàn. Guru kò lé e. Lójú tèmi, ìyẹn ló fi bí ọkùnrin náà ṣe tóbi tó hàn ju ìtàn òkúta inú odò lọ.

Àwọn ènìyàn ńlá ń wá kí i. Akéwì Rabindranath Tagore dé Sivagiri lọ́dún 1922. Gandhi náà dé ní oṣù Kẹta ọdún 1925, nígbà tí ìjà Vaikom ń lọ lọ́wọ́. Ojú ọ̀nà tó yí tẹ́ńpìlì ńlá Vaikom ká ni ìjà náà dá lé: ajá àti màlúù lè rin ibẹ̀, Ezhava àti Pulaya kò gbọ́dọ̀ rìn ín. Guru fi ẹgbẹ̀rún kan rupee ṣètìlẹ́yìn, ó sì fi ilé rẹ̀ tó wà lágbègbè náà fún àwọn olùfẹ̀hónúhàn ṣe ibùdó. Àmọ́ ojú òun àti ti Gandhi kò pàdé lórí gbogbo nǹkan. Gandhi fẹ́ kí wọ́n dúró síwájú ìdènà. Guru ní kí wọ́n gùn ún kọjá, kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni jà, kí wọ́n sì wọ inú tẹ́ńpìlì lọ. Wọ́n ní ní Sivagiri, Gandhi tọ́ka sí ewé igi kan pé wọn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn rí. Guru ní kó jẹ wọ́n wò. Omi inú wọn dọ́gba.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1928, àìsàn ti ń bá a fínra, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjì wá bá a ní Kottayam pé kó fún àwọn láṣẹ láti máa rìnrìn-àjò mímọ́ lọ sí Sivagiri lọ́dọọdún. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ohun mẹ́jọ ló kà fún wọn: ẹ̀kọ́, ìmọ́tótó, ìfọkànsìn, ìṣọ̀kan ẹgbẹ́, iṣẹ́ àgbẹ̀, òwò, iṣẹ́ ọwọ́, àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní kí wọ́n pe àwọn tó mọ nǹkan wọ̀nyí wá sọ̀rọ̀, kí àwọn arìnrìn-àjò jókòó gbọ́, kí wọ́n sì padà lọ fi wọ́n ṣiṣẹ́. Wọ́n bi í nípa aṣọ. Ó ní kí ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ Krishna àti Buddha, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má torí rẹ̀ ra ṣẹ́dà. Kí wọ́n fọ aṣọ funfun tí wọ́n ní nílé, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi ata ilẹ̀ pupa, ó ti tó. Ó kú ní Sivagiri ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, kò rí ìrìn-àjò náà. Lọ́dún 1932, ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún láti Elavumthitta ló kọ́kọ́ rìn ín. Lónìí, ogunlọ́gọ̀ ni aláṣọ ìyeyè tó ń kún Varkala láti ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kìíní ọdún tuntun.

Ọba Travancore ṣí tẹ́ńpìlì ìjọba sílẹ̀ fún gbogbo Híńdù ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 1936, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú Guru. Ère Guru fúnra rẹ̀ sì ti ń jókòó sí ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì àti ìkóríta Kerala, àwọn kan ń fi òdòdó bọ ọ́. Ère ti ara rẹ̀ àkọ́kọ́ tilẹ̀ ti wà ní Thalassery kó tó kú, lọ́dún tó gbé dígí kalẹ̀ ní Kalavancode gan-an.

Ìjà tẹ́ńpìlì kò tíì tán níbẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024, níbi ìrìn-àjò Sivagiri, Swami Sachidananda tó jẹ́ olórí ibẹ̀ nígbà náà ní kí wọ́n jáwọ́ nínú àṣà tó ní kí ọkùnrin bọ́ ẹ̀wù kó tó wọ tẹ́ńpìlì. Ó ní ohun tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni láti mọ ẹni tí okùn Brahmin wà lára rẹ̀. Pinarayi Vijayan, tó jẹ́ olórí ìjọba Kerala nígbà náà, wà níjòókòó, ó sì gbè é lẹ́yìn. Olórí ẹgbẹ́ àwọn Nair fèsì pé ìjọba kò ní ohunkóhun ṣe nínú àṣà tẹ́ńpìlì. Ọ̀pọ̀ tẹ́ńpìlì ní Kerala ṣì ń ní kí ọkùnrin bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.